Dírípù tí mo rà sí oko ata mi: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa dírípù, ìyẹn rọ́bà tó ń ro omi díẹ̀díẹ̀ sídìí ohun ọ̀gbìn, tí mo rà sí oko ata rodo mi lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, mo lò ó lẹ́ẹ̀rùn èṣí, mo ṣì ń lò ó lẹ́ẹ̀rùn yìí, ẹnu mi ti gbà á báyìí. N ò ní dárúkọ ẹni tó tà á torí mi ò bá a jà, ọjà ẹ̀ náà ò kúkú burú.

Tẹ́lẹ̀, pọ́ńpù oníbẹtiróòlù la fi ń fa omi odò, a ó ti hóòsì sínú poro, omi á máa ya kiri. Àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni pọ́ńpù yẹn ti ń jẹ èrè ata mi. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé omi tó pọ̀ níbẹ̀, ibi tí n ò gbin nǹkan kan sí ló ń lọ, a jẹ́ pé owó epo ni mo fi ń bomi rin koríko, n ó tún wá sanwó fún lébìrà tó máa ro ó!

Nǹkan tó wà nínú páálí ò pọ̀: rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tó ní ihò wínníwínní ní sẹ̀ńtímítà 30 síra wọn, páìpù tó ń pín omi, táàpù kéékèèké, àti asẹ́. Kò fẹ́ iná NEPA. Táǹkì lítà 1,000 la gbé ga tó mítà kan àbọ̀, omi á máa sọ̀ fúnra ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé lítà kan ni ihò kọ̀ọ̀kan ń ro ní wákàtí kan, àmọ́ ìyẹn tí pọ́ńpù bá ń tì í ni, tí táǹkì lásán kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kan igi táǹkì yẹn dáadáa o, tọ́ọ̀nù kan gbáko lomi yẹn.

Ṣé ó dín omi kù? Gan-an ni. Tá a bá ti fa omi kún táǹkì, a pa pọ́ńpù nìyẹn, ìdí ata nìkan ló ń tutù, poro gbẹ, koríko ò ráyè.

Wàhálà ẹ̀ ni asẹ́. Ẹni tó tà á ní ká máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹ̀! Tí ọyẹ́ bá dé tódò fà, omi á ki bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, gbogbo ìgbà tá a bá fẹ́ kún táǹkì la gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Mo rí i tí ata ìpẹ̀kun ìlà ń rọ, àwọn tó sún mọ́ táǹkì sì ń dán, mo tú ìdí rọ́bà, ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ ló dà jáde. Eku náà tún wà níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé omi ń bẹ nínú ẹ̀, wọ́n á gé e jẹ, jọ́ìǹtì tá a fi ń so ó pọ̀, Ìbàdàn la ti ń lọ rà á.

Fún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tẹ́ ẹ fọ́n káàkiri, tí kò tò ní ìlà bí ata, ẹ má dáwó ẹ̀ rárá.

Ibi tí rọ́bà ò lè bá mi dé ni pé bí mo ṣe ń ṣọ́ omi lò tó yìí, ẹni tó wà lápá òkè odò ń fi pọ́ńpù onínṣì mẹ́ta fà á tọ̀sán tòru. Lókè Ọya, nídìí dáàmù Tiga àti Bakolori, iṣẹ́ ìbomirin oko ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní TRIMING, tí Báńkì Àgbáyé fi dọ́là mílíọ̀nù 495 tì lẹ́yìn ní 2014, kó àwọn àgbẹ̀ jọ sẹ́gbẹ́, kí wọ́n lè jọ máa pín omi, kí wọ́n sì jọ máa tún ojú omi ṣe. Ká ní irú ẹgbẹ́ yẹn wà lórí odò tiwa ni, mi ò bá máà sọ̀rọ̀.

Ẹ ra asẹ́ kejì mọ́ ọn. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ọ̀kan tó kù, eku ló jẹ ẹ́.