Kíláàsì Látìn ọjọ́ Sátidé ní Òkè-Fìà: ẹ lọ, àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi ná

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ Látìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, tí ẹ ò sì fẹ́ kó jẹ́ fóònù nìkan ni yóò máa kọ́ yín, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ń ṣe kíláàsì láàárọ̀ Sátidé lápá Òkè-Fìà. ₦4,000 lóṣù. Tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀-orúkọ, owó yẹn ò ṣòfò rárá. Ti ọ̀rọ̀-ìṣe, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Kẹ́míìsì ni mo ní ní Àlékúwodò. Ojoojúmọ́ ni ìwé oògùn ń wọlé: b.d. (lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́), t.d.s. (lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́), p.c., nocte. Mo mọ ohun tí kálukú ní kí n ṣe, torí ẹnu ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, àmọ́ n kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀. Bàbá ò fi "rosa, rosa, rosam" bẹ̀rẹ̀ bíi ti inú ìwé. Wọ́n ní kí n mú ìwé oògùn kan wá, kí n fi bébà bo orúkọ aláìsàn. Orí Rx, àmì tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé oògùn, ni wọ́n ti mú un: recipe ni, ọ̀rọ̀ àṣẹ, "gbà". Èmi tí mo dúró sẹ́yìn káńtà ni dókítà ń pàṣẹ fún! Wọ́n bọ́ sórí p.c., post cibum, lẹ́yìn oúnjẹ. Cibus ni oúnjẹ. Kí ló wá sọ ọ́ di cibum? Kò sẹ́ni tó fọhùn. Bàbá bi wá pé, "Kí ló dé tí ẹ kì í sọ pé 'ó rí mo'?"

Ibẹ̀ ni nǹkan ti là sí mi. Lédè tiwa, arọ́pò-orúkọ ló ń yí: mo tó bá jẹ́ olùwà, mi tó bá jẹ́ àbọ̀. Adé kì í yí. Adé rí Olú, Olú rí Adé, ibi tí kálukú dúró sí la fi ń mọ ẹni tó rí ẹnìkejì. Ní Látìn, àti Adé àti Olú ló máa yí, ọ̀nà mẹ́fà sì ni, kì í ṣe méjì. Ìyẹn ni medicus puerum videt àti puerum medicus videt fi jẹ́ ọ̀kan náà: dókítà ló rí ọmọkùnrin, bó ti wù kí wọ́n tò ó. Post (lẹ́yìn) àti ante (ṣáájú) ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé wọn wà bí àbọ̀, ni cibus fi di cibum. Nox ni òru, nocte ni lóru. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ sára ọ̀rá oògùn láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé ni Ààfáà kan tó ń kọ́ni nílé kéwú. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Muhammadun, Muhammadan, Muhammadin. Ṣebí ohun tí à ń fi ẹgba kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn." Mẹ́ta ni ti Lárúbáwá, ẹni tó bá sì ti fojú winá mẹ́ta kò ní sá fún mẹ́fà. Òógùn bo àwa tó kù. Màmá kan náà wà níbẹ̀, Kátólíìkì paraku, tí wọ́n ti há Pater noster, àdúrà "Baba wa", sórí kí ìjọ tó kúrò lórí Máàsì Látìn láwọn ọdún 1960 síwájú. Bàbá ní kí wọ́n tún "qui es in caelis" (tí ń bẹ ní ọ̀run) sọ, Bàbá wá ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ni caelis, kì í ṣe ọ̀run kan. "Ọ̀run pọ̀?" Màmá ò sọ nǹkan mìíràn títí a fi jáde lọ mu omi.

Ọjọ́ tí mo gbádùn jù ni ọjọ́ tí Bàbá kó ewé wá. Látìn ní akọ, ó ní abo, ó ní èyí tí kò sí nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀-àpèjúwe sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ mu. Nínú orúkọ Látìn tí àwọn onímọ̀ ewé ń lò, obì abàtà ni Cola acuminata, abo. Efinrin ni Ocimum gratissimum, kò jẹ́ akọ, kò jẹ́ abo. A ti ń mirí pé ó ti yé wa. Ni Bàbá bá gbé ewé eépín sókè, èyí tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán igi: Ficus exasperata. Ficus parí sí -us bíi cibus, akọ ló jọ, kí wá ni exasperata ń wá lẹ́yìn rẹ̀? Orúkọ igi ni, abo sì ni ọ̀pọ̀ orúkọ igi ní Látìn, ohun yòówù kó wà ní ìparí rẹ̀. Wọ́n ní ká gbé ewé náà yíká, ká fọwọ́ pa á, ká mọ bó ṣe rí ṣákiṣàki, torí ohun tí exasperata ń sọ nìyẹn.

Àléébù wá ńkọ́? Ìwé tí wọ́n ń tà fún wa, ₦1,500, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà á lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀. Fọ́tókọ́pì ti fọ́tókọ́pì ni, àmì tó ń fi fáwẹ́lì gígùn hàn ti pòórá. Aqua tó jẹ́ olùwà, kúkúrú ni a rẹ̀. Aquā tó ń sọ pé omi la fi ṣe nǹkan, gígùn ni. Nínú ìwé wa, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó bá ti ka Yorùbá tí kò lámì rí mọ irú ìyà tí mò ń sọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀-orúkọ gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe gba àárọ̀ kan: amō, amābam, amābō, ti ìsinsìnyí, ti àná, ti ọ̀la, wọn ò jẹ́ ká mí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ sí. Àwa a máa to "ó", "máa" àti "fẹ́ràn" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Látìn á rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú amābit. Mo bá Bàbá sọ ọ́, wọ́n ní àwọn máa padà síbẹ̀. A ò tíì padà. Áàpù ọ̀fẹ́ kan lórí fóònù ni mo fi ń gbìyànjú báyìí. Ó dára kí ọ̀rọ̀ lè dúró lórí ẹni, àmọ́ kì í sọ ìdí.

Ẹni tó ń wá ohun tó máa fi ṣe ìdánwò kó má lọ, wọn ò yára tó. Ẹni tó bá ń ta oògùn tàbí ewé, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tàbí tó kàn fẹ́ mọ̀ọ́n, kó lọ. Mẹ́sàn-án ni wọ́n pè é, ẹ má dé kí mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù. Ẹ mú bírò pupa dání kí ẹ máa fi fa àmì padà sórí ìwé, kí ẹ sì jókòó síwájú, torí Bàbá kì í pariwo, ẹ̀rọ ìlọta kan sì wà lẹ́yìn ògiri tí kì í sinmi ní Sátidé.