Ẹ ṣọ́ra fún ọjà “Reykjavík 1972”: ẹni tó lù mí ní jìbìtì tún ti gbé tuntun dé

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ máa ń ra ohun ìrántí ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Òǹtajà kan wà tó ń polówó ọjà tó ní ó ti ibi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé láàárín Bobby Fischer, ará Amẹ́ríkà, àti Boris Spassky, ará Soviet, wá, èyí tí wọ́n ta ní Reykjavík, ní Íslándì, lọ́dún 1972. Mo ra nǹkan méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ayédèrú ni méjèèjì, £640 mi sì ti wọgbó.

Ọmọ wa ni o. “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi,” Yorùbá tó já gaara ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Túndé Onakoya ti ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní oṣù kẹrin 2024, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ojú wa ti là sí ayò yìí, àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ sì mọ̀.

Àpòòwé ni mo kọ́kọ́ rà. Sítáǹbù ṣẹ́ẹ̀sì tí Íslándì tẹ̀ lọ́dún náà wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ ọjọ́ kejì oṣù keje wà lórí sítáǹbù, ìbuwọ́lù Fischer àti Spassky sì wà nísàlẹ̀. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ buwọ́ lù ú. Èmi tí mo máa ń fi ìtàn ìdíje yìí yangàn fún àwọn ọmọ àbúrò mi, mo gbà! Fischer ò tíì dé Íslándì lọ́jọ́ náà. New York ló ṣì wà, tó ń fa ọ̀rọ̀ owó, títí Jim Slater, olówó kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi fi £50,000 kún ẹ̀bùn ìdíje. Ọjọ́ kẹrin ló balẹ̀ sí Reykjavík. Spassky ti ń dúró dè é.

Àpòòwé fúnra rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wọn wà: wọ́n á ra ojúlówó tí kò wọ́n, wọ́n á wá fi bírò sọ ọ́ di olówó ńlá. Tàdáwà gẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ wúrà tó ń dán ni wọ́n tiẹ̀ fi kọ ìbuwọ́lù tó wà lára tèmi. Ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ Sakura ní Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú gègé bẹ́ẹ̀ jáde.

Èkejì ló dùn mí jù. Halldór Pétursson, ayàwòrán ará Íslándì, ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ lóríṣiríṣi nípa ìdíje yẹn, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n sórí pósítíkáàdì. Òǹtajà yìí ní èyí tí Halldór fọwọ́ ara rẹ̀ yà lòun ń tà, ó ti fi gíláàsì sí i, ó sì so ìwé ẹ̀rí tó ní èdìdì pupa mọ́ ọn. (Òun náà ló kọ ìwé ẹ̀rí.) Nígbà tí mo yọ gíláàsì kúrò tí mo fi awò wò ó, àmì tóótòòtóó ìtẹ̀wé ló kún inú rẹ̀. Mo rọra ṣí etí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo bá rí ìlà tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí.

Òǹtajà yìí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹ̀yìn ọjà. Á ní ẹnì kan ní Jámánì ti fẹ́ san owó. Á bẹ̀ yín kẹ́ ẹ san án lórí PayPal bí ìgbà tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Tẹ́ ẹ bá san án báyẹn, PayPal ò ní dá sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káàdì kírẹ́díìtì ni kẹ́ ẹ lò fún ọjà tó bá ti ju £100 lọ, torí òfin jẹ́ kẹ́ ẹ lè béèrè owó yín lọ́wọ́ báǹkì. Kó tó dí ọ̀nà tí mo fi ń kàn sí i pa, ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé “ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún rí i pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìwé tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ta ayò kejì sí ló ń tà báyìí, pẹ̀lú ìbuwọ́lù àwọn méjèèjì. Fischer ò yọjú sí ayò kejì rárá! Wọ́n kàn fún Spassky ní máàkì rẹ̀ ni.

Ó máa ń pààrọ̀ orúkọ, àmọ́ kò tíì pààrọ̀ aṣọ tábìlì tó ń ya fọ́tò lé: aṣọ aláwọ̀ ewé, tí áyọ́ọ̀nù ti jó ní igun ọwọ́ òsì. Tẹ́ ẹ bá ti rí àpá yẹn, ẹ sá.