Oògùn boron fún igi ilé: ohun tí mo rí nígbà tí mo lò ó

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: oògùn boron tí wọ́n ń tà láti pa kòkòrò tó ń jẹ igi ilé ń ṣiṣẹ́, màá sì tún rà á. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń tà á kọ sí ara ike ju agbára oògùn náà lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ èyí.

Èyí tí mo lò jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tí a ń pò mọ́ omi. Orúkọ gígùn tí àwọn oníkẹ́míkà ń pè é ni disodium octaborate tetrahydrate. Ẹ wá orúkọ yẹn lẹ́yìn páálí kí ẹ tó sanwó, torí ibi kíkéré tí wọ́n kọ ọ́ sí ni òótọ́ wà, kì í ṣe àwòrán kòkòrò òkú tó wà níwájú. Irú kan tún wà tó ki bí oyin, tí wọ́n ti pò mọ́ glycol, omi kẹ́míkà kan tó ki. Ìyẹn máa ń wọnú igi gbígbẹ dáadáa ju ti ìyẹ̀fun lọ, àmọ́ ó wọ́n jù ú lọ.

Iyẹ̀ igi tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ férémù ilẹ̀kùn ló jẹ́ kí n wá oògùn. Mo gòkè àjà, mo rí i pé igi òrùlé náà ti ní ihò róbótó róbótó. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo iyẹ̀ yẹn dáadáa. Bí ó bá kúnná bí èyí tí a sẹ́, kòkòrò ajẹgi ló ń ṣe é: ìdin rẹ̀ ni ó ń jẹ igi láti inú, ìgbà tó bá dàgbà tán ló ń lu ihò jáde. Ihò tí ẹ ń rí yẹn, ẹni tó lu ú ti lọ. Bí ó bá jẹ́ hóró kéékèèké tó ní igun mẹ́fà, ìgbẹ́ ikán igi gbígbẹ nìyẹn. Bí ẹ bá sì rí ọ̀nà amọ̀ tó gun ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ikán inú ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, màá dé ibẹ̀.

Pípo oògùn rọrùn. Kílò 1 sínú líta omi 9 ni mo lò, èyí tó fún mi ní ìdá 10 nínú 100. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò, torí nínú omi tútù ó máa ń dì sí ìsàlẹ̀ garawa. Kò ní òórùn kankan, èyí tó dùn mọ́ mi nínú gan-an, nítorí mo rántí epo dúdú tí wọ́n máa ń kùn sí igi láyé àtijọ́, tí ilé yóò máa rùn títí. Àmọ́ àìní òórùn kò sọ ọ́ di ohun eré. Ní Yúróòpù, òfin ka boron mọ́ àwọn ohun tó lè pa ọmọ bíbí lára, nítorí náà kí aboyún má fọwọ́ kàn án rárá. Ìbọ̀wọ́, ìbomú àti awò ojú ni mo wọ̀ kí n tó fín in lókè àjà, ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń kán padà sí mi lójú.

Iṣẹ́ tó le níbẹ̀ ni ìmúrasílẹ̀. Igi tó bá ti ní ọ̀dà tàbí fáníìṣì lára kò ní gba oògùn wọlé. Ẹ kán omi sí i: bí omi bá dúró lórí rẹ̀ tí kò wọlé, ẹ lọ họ ọ́. Igi òrùlé kò ní ọ̀dà, fífín rẹ̀ kò gba àkókò. Férémù ilẹ̀kùn ni ó jẹ mí níyà. Pépà tí káfíńtà fi ń họ pákó ni mo fi họ ọ́ títí ara igi fi hàn síta, ìyẹn sì gba agbára ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Àwọn tó ta á fún mi kò mẹ́nu kan èyí rárá. Ìlà kan péré ni wọ́n kọ: "ó dára fún gbogbo igi".

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé oògùn wọlé lóòótọ́? Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn ju oògùn náà fúnra rẹ̀ lọ. Omi méjì ni, nínú ìgò kéékèèké. Àwọ̀ ata ilẹ̀ pupa (turmeric) tí wọ́n fi ọtí líle fà jáde ló wà nínú èkíní, ásíìdì hydrochloric tí wọ́n pò mọ́ salicylic acid ló wà nínú èkejì. Ẹ gé igi náà, ẹ kọ́kọ́ fi tàkọ́kọ́ sí ojú ibi tí ẹ gé, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ wá fi èkejì lé e. Níbi tí boron bá dé, yóò pọ́n. Níbi tí kò dé, yóò wà ní àwọ̀ ìyeyè bí omi ata ilẹ̀ náà ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo gé àjẹkù pákó kan tí mo ti fín pọ̀ mọ́ ti òrùlé. Etí rẹ̀ nìkan ló pupa yípo, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún kò yí àwọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ní orí pákó, níbi tí ayùn ti gé e, àwọ̀ pupa náà wọlé jìnnà. Láti ìgbà náà, orí igi àti ojú oríkèé ni mo máa ń rin oògùn sí jù, mo sì máa ń fín ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Omi tó wà nínú igi ló ń gbé boron rìn wọlé, nítorí náà igi tó tutù díẹ̀ gbà á ju èyí tó gbẹ pátápátá lọ.

Ẹ má retí pé kòkòrò yóò ṣubú lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí kòkòrò bá jẹ igi náà ni boron ń dé inú rẹ̀, oúnjẹ kò sì ní lè dà nínú rẹ̀ mọ́. Nínú férémù ilẹ̀kùn mi, ihò tuntun ṣì yọ lẹ́yìn tí mo fín in, mo sì ti fẹ́ máa bínú. Àwọn ìdin tó ti wà nínú lọ́hùn-ún ló ń dàgbà jáde. Lẹ́yìn náà iyẹ̀ dáwọ́ dúró, títí di òní olónìí.

Ó ku ohun tí kò ṣe. Omi ni boron fi wọlé, omi náà ni yóò sì fi jáde. Igi tó wà níta tí òjò ń pa, tàbí òpó tí ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, kò yẹ fún un. Igi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ti oògùn bàbà sínú rẹ̀ ni kí ẹ rà fún ìyẹn. Ti ikán inú ilẹ̀ ńkọ́? Wọ́n lè mọ ọ̀nà amọ̀ gba orí igi tí ẹ ti fín kọjá, kí wọ́n lọ jẹ èyí tí ẹ kò fín. Ilẹ̀ tó yí ìpìlẹ̀ ká ni a ti ń bá wọn jà, pẹ̀lú oògùn tí wọn kò lè gbóòórùn rẹ̀, bí fipronil, tàbí ìjẹ tó ní hexaflumuron, tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè bọ́ awọ ara wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ni kí ẹ pè.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé ó ń wo ògiri tó ń bu. Èyí bí mi nínú díẹ̀. Ní yàrá kan tí páìpù ti ń jò, mo fín in sí pákó ìsàlẹ̀ ògiri, àmì dúdú náà kò sì kúrò. Ọṣẹ àti omi ló fọ̀ ọ́ lọ, títún páìpù ṣe ni kò jẹ́ kí ó padà wá. Olú tó ń sọ igi di jíjẹrà kò lè gbé nínú igi tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn èyí, ẹ rà á kí ẹ tó ra oògùn. Ibi tí ọ̀bẹ bá sì ti wọlé láìṣe wàhálà, igi yẹn ti lọ, boron kò lè dá agbára rẹ̀ padà. Gé e kúrò, fi tuntun sí i, kí o fín tuntun náà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un fún igi inú ilé, 1 péré fún ọ̀rọ̀ ògiri tó ń bu. Bí ó bá gbẹ tán, ìyẹ̀fun funfun lè hàn lára igi; aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún kí ẹ tó kun ọ̀dà. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú garawa, ẹ má dà á sí ìdí òdòdó tàbí igi eléso, torí boron tó bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀ máa ń pa ohun ọ̀gbìn. Orí igi òrùlé mìíràn ni mo fín tèmi sí tán.