Mo fi FamilySearch wá ìran John Howland: àgbéyẹ̀wò mi

Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé àtọmọdọ́mọ John Howland ni àwọn, ọ̀kan lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ọkọ̀ òkun Mayflower dé Plymouth ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1620. Ìjì gbé ọkùnrin náà jù sómi lójú òkun, okùn ọkọ̀ ló dì mú tí wọ́n fi fà á yọ. Àwọn ọmọ mi fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Èmi náà fẹ́ mọ̀, torí ọ̀rọ̀ orírun ọmọ mi kì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣeré.

Ọ̀fẹ́ ni FamilySearch, ìkànnì tí wọ́n fi ń wá ìran ìdílé. Ìjọ Mọ́mọ́nì ní Utah ló ni ín. Ẹ ṣáà forúkọ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àwòrán ojúlówó ìwé: ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ní Massachusetts, ìpínlẹ̀ tí Plymouth wà, ọdún 1841 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú jọ. Ohun tó bá ti ṣáájú ìyẹn, ìwé ìlú kọ̀ọ̀kan lẹ máa tú.

Igi ìdílé tó wà níbẹ̀, ti gbogbo ayé ni, ẹnikẹ́ni ló lè tún un kọ. Ẹ má gba orúkọ kankan gbọ́ láìṣí ìwé nídìí rẹ̀. Àìmọye ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé ìdílé Carver, gómìnà àkọ́kọ́ ní Plymouth, ni Elizabeth, ìyàwó Howland, ti wá. Àfìgbà tí wọ́n rí ìwé ìtàn Plymouth tí Bradford, gómìnà tó tẹ̀ lé Carver, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1856, ló hàn pé ọmọ John Tilley ni. Lórí ìkànnì mìíràn tí mo ń sanwó fún, wọ́n so babańlá ọkọ mi kan mọ́ ìyá tó ti kú kí wọ́n tó bí i!

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ pẹ̀lú. Kó tó di 1752, 25 oṣù Mẹ́ta ni ọdún tuntun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejì 1672 tí Howland kú nínú ìwé wọn, 1673 tiwa ni.

Àwọn àwòrán kan wà tí kò lè ṣí nílé, àfi ní ilé ìkàwé tó bá wọn da nǹkan pọ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ kéèyàn lọ.

Ọ̀dọ̀ Desire, àkọ́bí Howland, tó fẹ́ John Gorham, ni tiwa gbà wá. Ẹgbẹ́ àtọmọdọ́mọ Mayflower ti tẹ ìran márùn-ún àkọ́kọ́ jáde, nítorí náà tí ẹ bá ti fi ìwé gòkè dé bíi 1750, iṣẹ́ tó le jù ti tán. Ìyá ọkọ mi ti ń kó ìwé tirẹ̀ jọ láti fi ránṣẹ́ sí wọn.