Ìdánilójú ilé tuntun Buildmark: ọdún 2 àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn

Ẹni tó bá ń ra ilé tuntun lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé ní Ìlú Ọba, kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ Buildmark. NHBC (National House Building Council), iléeṣẹ́ tó ń gbé ìlànà ilé kíkọ́ kalẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936, ló ni ín. Àwọn tó ń tajà á ní ìdánilójú ọdún 10 ni. Lóòótọ́, ọdún 10 ló wà nínú ìwé, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dún kìíní yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń ṣe lọ́dún kẹrin, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣì í gbọ́. Ìràwọ̀ 3 nínú 5 la fún un.

Kí kọ́kọ́rọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kọ́lékọ́lé bá wọko gbèsè tí kò lè parí ilé, NHBC lè san owó àsansílẹ̀ yín padà, ìdá 10 nínú 100 iye ilé náà tàbí £100,000, èyí tó bá kéré jù. Ẹni tó bá san ìdá 15 ti fi ìdá 5 sílẹ̀ fún ìjì. Kí lọ́yà yín rí ìwé Buildmark náà kí owó ilé tó kúrò nílẹ̀, kó sì jẹ́ lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín wá, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tajà fà lé yín lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ tí ilé di tiyín títí ọdún 2 fi pé, ọrùn kọ́lékọ́lé ni àtúnṣe wà. Ohunkóhun tí kò bá ṣe bí ìlànà NHBC ṣe wí, òun ni yóò tún un ṣe: ilẹ̀kùn tí kò pa dé, páìpù tó ń jò, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ṣiṣẹ́. Ìwé ni kí ẹ kọ, kí ẹ ya fọ́tò mọ́ ọn, torí ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í lẹ́rìí. Bó bá ń sọ pé "ó ń bọ̀" tí kò dé, ẹ gbé e tọ NHBC lọ. Wọ́n á wá wò ó, wọ́n á kọ àbọ̀, wọ́n á dá ọjọ́ fún kọ́lékọ́lé, bó bá sì kọ̀, àwọn fúnra wọn lè ṣe é. Apá yìí ló dùn mọ́ wa jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún 2 tó pé. Ní oṣù 22, ẹ tún ilé yẹ̀ wò láti òkè àjà dé abẹ́ síǹkì.

Láti ọdún kẹta, ó di adójútòfò, ohun ńláńlá ló sì ń mójú tó: ìpìlẹ̀, ògiri tó gbé ilé ró, òrùlé, àtẹ̀gùn, símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ìta, páìpù ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀, gíláàsì onílọ́po méjì. Bọ́ílà, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná àti ẹ̀rọ omi ti bọ́ síta. Bí owó àtúnṣe kò bá tó iye tó kéré jù tí ìwé yín sọ, ẹ̀yin lẹ ó san án. Ìlà tín-ín-rín tó sán lára ògiri nítorí pé ilé ń gbẹ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fèrèsé tó ń làágùn. Omi tí wọ́n fi po símẹ́ǹtì máa ń gba oṣù 9 sí 12 kó tó gbẹ tán, torí náà ẹ má ṣe gbé ooru ilé sókè lójijì, ẹ sì máa ṣí fèrèsé.

Àléébù tó mú wa yọ ìràwọ̀ 2 ni pé àwọn ayẹ̀léwò NHBC kì í dúró sórí iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn ìpele pàtàkì bí ìpìlẹ̀ àti páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń wá wò. Ẹ gba ayẹ̀léwò tiyín tí yóò wá àbùkù ilé náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní snagging, owó rẹ̀ sì máa ń wà láàrin £300 sí £600. Kó wo òwú tí wọ́n tẹ́ sókè àjà kí ooru má baà jáde: 270mm ló yẹ kó nípọn, etí òrùlé ni kì í sì sábà tó. Kó rí i pé ilẹ̀ ìta fi 150mm relẹ̀ ju ìpele ike tó ń dènà omi lára ògiri lọ, torí ibi tí wọ́n bá ti kó yẹ̀pẹ̀ ọgbà bò ó, ọ̀rinrin á gun ilé. Kó fi kọ́kọ́rọ́ ha símẹ́ǹtì àárín bíríkì. Bó bá ń wó bí iyanrìn, símẹ́ǹtì kò tó nínú rẹ̀, tàbí òtútù mú un kó tó gan. Kó gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí fáànù ilé ìwẹ̀, kó wò ó bóyá yóò fà á mọ́ra. Ojú ìhà lára gíláàsì àti táìlì, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí ẹ bá ti kó ẹrù wọlé, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Ẹ béèrè bóyá kọ́lékọ́lé náà ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ New Homes Quality Code, ìwé ìlànà fún àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun tà. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ẹ bá san owó ìfipamọ́, ayẹ̀léwò yín sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé kí ẹ tó sanwó tán. Bí ẹ̀sùn bá kọjá ọjọ́ 56 láìyanjú, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ New Homes Ombudsman, onílàjà láàrin onílé àti kọ́lékọ́lé, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ onílé, tó sì lè pàṣẹ kí wọ́n san owó tí kò ju £75,000 lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ onílé mìíràn lẹ ti ń ra ilé tí kò tíì pé ọdún 10, ohun tó kù nínú Buildmark á bá ilé náà dọ́dọ̀ yín. Ẹ gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.