SSD wo ló yẹ láptọ́ọ̀pù yín: SATA tàbí NVMe?

Bí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ẹ rà ní Sábó, Ìkòròdú bá ń pẹ́ kó tó ṣí, tí ẹ lè lọ pọnmi kí ẹ sì padà bá a lórí àmì Windows, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé háàdì dísìkì ló ń fà á sẹ́yìn. Àwo tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kà ju nǹkan bíi 100 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ dátà tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, kò ní ohun tó ń yí, kòtò tí danfó ń kó sí láti Agric kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Oríṣi SSD méjì tó wọ́pọ̀ ni SATA àti NVMe. SATA onífẹ̀ 2.5 íǹṣì máa ń wọ ibi tí háàdì dísìkì ti jáde gẹ́lẹ́. Bí 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni eré rẹ̀ mọ. NVMe tẹ́ pẹlẹbẹ bí ṣíńgọ́ọ̀mù: ti PCIe 3.0 (PCIe ni ọ̀nà tí dátà rẹ̀ ń gbà, nọ́ńbà yẹn sì ni ìran rẹ̀) lè dé 3,500 MB, ti 4.0 sì lè dé 7,000. Èyí tó sábà wà lọ́jà ni 2280, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ tó 22 mm, ó sì gùn tó 80 mm.

Ibí ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. M.2 kì í ṣe orúkọ eré, orúkọ ìrísí pẹlẹbẹ yẹn lásán ni. M.2 tó jẹ́ SATA wà, 550 yẹn náà ni kò ní kọjá. Orúkọ HP EliteBook 840 G1 àti 840 G3 jọra, àmọ́ G3 gba NVMe, G1 kò gbà á. Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù lójú yín kí ẹ tó sanwó. Bí ihò PCIe 3.0 ló ní, má náwó sí 4.0. Á ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n eré 3.0 ló máa sá.

Lójú tèmi, ẹni tó ń kọ lẹ́tà, tó ń wo fíìmù, tó ń ṣírò owó ọjà, SATA tó o. Ẹni tó ń gé fídíò ni kó wá NVMe.

Ti ìfaradà ńkọ́? Ẹ wo TBW, iye dátà, ní TB, tí ilé iṣẹ́ ní a lè kọ sí i. Samsung 870 EVO 1 TB jẹ́ 600, ìdánilójú ọdún 5. 870 QVO 1 TB jẹ́ 360, ọdún 3. EVO ni mo máa mú, àní bí ó bá gba pé kí n mú èyí tó kéré sí 1 TB.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ta 2 TB ní ìdajì owó 500 GB, ẹ sá fún un. Èyí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ipò dísìkì hàn: bí «Power On Hours», iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, bá ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àlòkù ni, ẹ̀ báà jẹ́ pé ọ̀rá ṣì wà lára páálí rẹ̀. Ètò mìíràn, H2testw, ló ń tú àṣírí GB irọ́, ó kàn máa ń pẹ́ ni.

Bí ẹ bá ti dà gbogbo dátà sí tuntun, ẹ má tíì nu háàdì dísìkì àtijọ́. Ẹ ra àpótí USB fún un, kí ẹ sì ṣí fáìlì yín lórí SSD fún bíi ọ̀sẹ̀ kan kó tó di pé ẹ lo ti àtijọ́ yẹn fún fíìmù.