Orúnkún tó fọ́: POP tàbí iṣẹ́ abẹ?

Bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú ní Iléṣà tí orúnkún fọ́, ẹbí á ní, "Ṣé POP ò lè ṣe é?" POP, ìyẹn báńdéèjì ẹlẹ́fun tó máa ń le gbagidi tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ kó má mì, lè ṣe é, bí eegun bá kàn sán tí kò yẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ orúnkún tó pẹ́ nínú rẹ̀ máa ń gan.

Bí ojú oríkèé bá rì wọlé, tàbí tí orúnkún ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, iṣẹ́ abẹ ni mo fara mọ́ pátápátá. Dókítà eegun á tún ojú oríkèé tò kó tẹ́jú, á fi irin dè é, ẹsẹ̀ á sì tètè máa ká. (Ẹ bi wọ́n nípa iṣan tó so eegun pọ̀: bó bá já, irin nìkan ò tó.) Ewu rẹ̀ ni pé kòkòrò lè wọ ojú abẹ.